Dọ́là 38 ló gba ọdún kan lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì kí n tó wọ med school ní Amẹ́ríkà

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí o, mi ò ní purọ́. Mo ti wọ med school, white coat mi ló so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí, àmọ́ ọdún kan gbáko ló ṣòfò kí n tó débẹ̀, owó tó bá a lọ sì sún mọ́ dọ́là 2,800, gbogbo ẹ̀ nítorí gbèsè dọ́là 38 tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo jẹ. MCAT mi (ìdánwò táwọn tó fẹ́ wọ med school ń ṣe) dáa, 512 ni mo ní. GPA mi (ìpíndọ́gba máàkì mi ní yunifásítì) ò burú. Àwọn tó kọ lẹ́tà fún mi kọ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ tí ìwé mi pé ló pa mí lára.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ: ní Amẹ́ríkà níbí, tó o bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà MD, o ò ní máa kọ̀wé sí sùkúù lọ́kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá, AMCAS ni wọ́n ń pè é. Àwọn sùkúù ìjọba ní Texas ní tiwọn lọ́tọ̀, TMDSAS, àwọn tó fẹ́ ṣe DO, oyè dókítà kejì tó wà níbí, náà ní AACOMAS. Fọ́ọ̀mù AMCAS máa ń ṣí níbẹ̀rẹ̀ oṣù Méè, ó máa di òpin Méè kéèyàn tó lè tẹ submit, tó bá sì di òpin Júùnù wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó ti ṣe tán ránṣẹ́ sáwọn sùkúù. Sùkúù á wá fi fọ́ọ̀mù tiwọn ránṣẹ́ sí ẹ, secondary nìyẹn, ìbéèrè lórí ìbéèrè, owó lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìntáfíù. Láti October 15 ni sùkúù MD lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún èèyàn pé a ti gbà ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń ṣe rolling. Wọn ò ní dúró kí gbogbo èèyàn dé kí wọ́n tó máa pín àyè. Bí ọkọ̀ ṣe ń kó èrò ní gáréèjì ló rí, ẹni tó tètè dé á jókòó síbi tó wù ú, ẹni tó dé lẹ́yìn á máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún díẹ̀. Ọdún 2022 tí mo kọ́kọ́ ṣe é, àwọn tó kọ̀wé lé ní 55,000, àwọn tó padà wọlé ò ju bíi 22,700 lọ. Sùkúù á kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé deadline wọn di Òkìtóbà tàbí Nòfẹ́ńbà, èèyàn á rò pé àyè wà. Àyè wo! Tó bá fi máa di Nòfẹ́ńbà, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ìjókòó ìntáfíù sílẹ̀ fáwọn tó ti dé láti Júláì.

Mo mọ gbogbo èyí ṣáájú o. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ní ká lè tẹ submit ni mo tẹ̀ ẹ́. Personal statement, lẹ́tà, activities mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti parí gbogbo ẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ibi gbogbo lẹ ti máa rí àlàyé ẹ̀. Mo yan sùkúù 22. Dọ́là 170 ni ti àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù lé ní 40, ó jẹ́ dọ́là ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo pe Mọ́mì, mo ní ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti parí tèmi.

Mi ò tíì parí nǹkan kan.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo lọ ṣe kíláàsì kan ṣoṣo ní summer ní community college kan nítòsí ilé, statistics ni, torí pé owó ẹ̀ dín. A ni mo gbà. Yunifásítì mi gbà á wọlé, ó wà lórí transcript wọn, lójú tèmi ọ̀rọ̀ ti tán. AMCAS ò wò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo sùkúù tó o bá ti forúkọ sílẹ̀ rí lẹ́yìn high school, ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, kódà kó jẹ́ kíláàsì kan péré, kódà kó o ti jáwọ́ nínú ẹ̀, transcript wọn gbọ́dọ̀ tọ̀dọ̀ wọn wá ní tààrà. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, fọ́ọ̀mù ẹ ò wọ ìlà rárá. Ìlà verification ni mò ń sọ, níbi tí òṣìṣẹ́ wọn á ti gbé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó o kọ, á fi wé transcript, á wá ṣírò GPA fúnra ẹ̀. Lásìkò tí fọ́ọ̀mù pọ̀, ìlà yẹn máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti béèrè transcript ọ̀hún látinú oṣù Méè. Mo sanwó, mo gba íméèlì pé a ti gba request rẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì Júùnù, ti yunifásítì mi ti dé, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ò dé. Mo ní ó ń bọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dé. Mo pè wọ́n. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní àwọn ti rán an, kí n ní sùúrù. Mo gbà á gbọ́! Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jókòó tí mò ń ní sùúrù, tí mò ń ṣí AMCAS láàárọ̀ lálẹ́ bíi pé ó máa yí padà torí pé mo wò ó.

Ẹnì kan tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ fún MCAT, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi submit lẹ́yìn mi, 509 ló ní, lópin Júùnù wọ́n ti verify tiẹ̀, secondary ti ń ya lu íméèlì ẹ̀. Ó pè mí kó lè sọ fún mi. Mo bá a yọ̀, òótọ́ ni, mo sì sunkún lẹ́yìn tá a sọ̀rọ̀ tán.

Ìgbà tí ọlidé July 4 kọjá ni mo tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí obìnrin kan ló gbé e, òun ló fara balẹ̀ wò ó. Ó ní, hold wà lórí account rẹ. Mo ní hold kí ni? Ó ní o jẹ wá ní dọ́là 38. Owó páàkì! Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, mo gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ kí n gbé e sí, wọ́n fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ tàbí mi ò rí i, mi ò mọ̀, owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ẹ̀, íméèlì sùkúù tí mi ò lò láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí. Torí hold yẹn, kọ̀ǹpútà wọn ti fagi lé request mi fúnra ẹ̀. Ọkùnrin tó ní àwọn ti rán an, kò rán nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi san dọ́là 38. Mo rò pé ó parí. Obìnrin yẹn ní rárá, ọ́fíìsì tó ń gba owó lọ́tọ̀, ọ́fíìsì tó ń fún èèyàn ní transcript lọ́tọ̀, tọ̀hún ló máa sọ fún tibí pé owó ti wọlé, ó máa gba ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí méje. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pè wọ́n. Ó ní òun máa gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́jọ ni hold yẹn fi kúrò. Mo tún béèrè transcript lẹ́ẹ̀kejì, mo tún sanwó lẹ́ẹ̀kejì, ni wọ́n bá ní àwọn ò fi í ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, inú àpòòwé ni. Mo ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù AMCAS tó ní nọ́ńbà mi há a, torí tí nọ́ńbà yẹn ò bá sí lára ẹ̀ ó lè pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín. Mo pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè dá mi lójú pé wọ́n fi há a.

July 27 ló dé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù mi tó wọ ìlà, mo sì bá ìdá tó pọ̀ nínú èèyàn gbogbo Amẹ́ríkà níwájú mi. September 12 ni wọ́n tó verify mi. Èmi tí mo tẹ submit lọ́jọ́ kẹta.

Secondary 19 ló dà bò mí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bíi dọ́là 90 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mò ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, mò ń kọ ọ́ lóru, mo parí èyí tó kẹ́yìn nígbà tí Òkìtóbà ti dé àárín, ìyẹn ìgbà táwọn kan ti ń gba lẹ́tà pé wọ́n ti mú àwọn. Ìntáfíù kan péré ni mo rí, nínú oṣù Fẹ́búárì. Wọ́n fi mí sórí waitlist, kí n máa dúró bóyá àyè á ṣí. Mọ́mì ń pè ní gbogbo ọjọ́ Sunday, "Ṣé wọ́n ti fèsì?" "Wọn ò tíì fèsì o, Mọ́mì." Mọ́mì ò bínú, wọ́n kàn máa ní "ó máa dáa," wọ́n á wá dákẹ́. Wọn ò fèsì.

Ọdún kejì, 2023, mo lọ sí i bí ẹni tó ń lọ jagun. Kí Méè tó parí, gbogbo transcript ti wà nílẹ̀, mo fojú ara mi rí i lórí AMCAS pé wọ́n ti gbà á. Mo tẹ submit lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Sùkúù kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fi sí i, torí sùkúù kan ti tó láti wọ ìlà verification, mo wá fi àwọn yòókù kún un tó yá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi verify mi. Lásìkò tí mò ń dúró, mo ti kọ ìdáhùn secondary sílẹ̀, torí ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, kí ló dé tó o fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, ìṣòro wo lo ti borí, irú ẹ̀. Kò sí èyí tó lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ mi. Ìntáfíù márùn-ún! Àkọ́kọ́ wáyé lópin Ọ́gọ́ọ̀sì. Monday, October 16, mo wà níbi iṣẹ́, fóònù dún, mo jáde sí kọ́ridọ̀, obìnrin tó pè ò tíì sọ gbólóhùn ẹ̀ tán tí mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọ́mì ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹ ò lè mọ bí orúkọ mi ṣe dún lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní sọ pé ọjọ́ nìkan ló yàtọ̀. Mo fi ọdún yẹn ṣe iṣẹ́ scribe ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń bá dókítà kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn, mo tún personal statement kọ. Àmọ́ MCAT kan náà ni, GPA kan náà ni, nínú márùn-ún tó pè mí fún ìntáfíù, méjì wà nínú àwọn tí kò tiẹ̀ wo ojú mi lọ́dún tó ṣáájú. Ọ̀kan nínú wọn, mo ti kọ íméèlì sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n já mi kulẹ̀ láti béèrè ibi tí mo kù sí, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé nígbà tí ìwé mi fi máa pé, àwọn ti pín ìjókòó ìntáfíù àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ má tìtorí èyí sáré lọ ṣe MCAT tẹ́ ẹ ò tíì kà á dáadáa o. Máàkì tí ò dáa á máa tẹ̀ lé èèyàn kiri, títètè dé ò ní bò ó mọ́lẹ̀. MCAT máa ń gba bí oṣù kan kó tó jáde, tó o bá ṣe é lópin Júùnù, ìparí Júláì nìyẹn, ìyẹn náà ṣì lè ṣiṣẹ́ torí AMCAS lè verify fọ́ọ̀mù ẹ láìdúró de máàkì, wọn ò sì dúró de lẹ́tà náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Sẹ̀tẹ́ńbà lo máa ṣe é, lójú tèmi, tọ́jú owó ẹ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tówó ò sì tó lọ́wọ́ ẹ̀, kó béèrè Fee Assistance Program (ètò tó ń dín owó kù) ti AAMC, ẹgbẹ́ tó ni AMCAS, kó tó san nǹkan kan, torí wọn kì í dá owó téèyàn ti san ṣáájú padà.

Ní ti transcript, àbúrò mi ń bọ̀ lọ́nà, mo sì ti jókòó tì í láti Màáṣì. Mo ní kó kọ gbogbo ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ rí, títí kan kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ṣe nígbà tó ṣì wà ní high school, torí ìyẹn náà wà níbẹ̀. Kó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó má kàn béèrè pé ṣé ẹ ti rán transcript mi. Kó sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá hold kankan wà lórí account mi," kó sì dúró lórí fóònù títí wọ́n á fi wò ó.