Bí a ṣe ń fi irin kún sítíárìn ọkọ̀ oko àtijọ́ kí ṣáásì má baà sán

Lára ọkọ̀ tó ń kó kòkó àti pákó jáde láti oko, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ojú máa ń wà. A kì í jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ jù, a kì í jẹ́ kí omi gbẹ. Ibi tí àpótí sítíárìn ti so mọ́ ṣáásì ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà oko Ìperíndó àti Ìtagúnmódì lápá Iléṣà máa ń bá jà nígbà òjò, nígbà tí táyà bá há sínú kòtò tí lọ́rí agégẹdú ti gbẹ́ sílẹ̀, tí awakọ̀ sì ń fi gbogbo agbára yí ọwọ́ sítíárìn kó lè jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ óò sọ̀kalẹ̀, ẹ óò pe mẹkáníìkì. Sítíárìn tó já níbi tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kì í fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú Hilux tó ní ásùlù gbọọrọ níwájú, ìyẹn ọ̀pá líle kan ṣoṣo tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1979, tàbí Land Cruiser 70 tó jáde ní 1984, àpótí sítíárìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásì níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bóòtù mélòó kan péré ló dì í mú. Bí ẹ bá yí ọwọ́ sítíárìn, apá kúkúrú tó wà nídìí àpótí náà, tí à ń pè ní pitman, á ti irin gígùn kan, irin náà á sì ti táyà. Bí táyà bá kọ̀ tí kò yí, agbára yẹn á padà sórí àpótí, á máa fẹ́ fà á tu kúrò lára ṣáásì. Irin ṣáásì níbẹ̀ kò nípọn rárá. Á tẹ̀ díẹ̀, á padà, á tún tẹ̀, ọdún á gorí ọdún, títí ìsán tín-ín-rín á fi bẹ̀rẹ̀ létí ihò bóòtù. Ẹni tó bá tún wá fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, tàbí tó gbé páwà sítíárìn sínú ọkọ̀ tí kò bá a wá, ti sọ ẹrù náà di ìlọ́po.

Nǹkan mẹ́ta la máa ń fi gbà á. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ tí a ó jó mọ́ ara ṣáásì níbi tí àpótí jókòó sí. Èkejì ni páìpù kéékèèké tí a ó kì bọ inú ihò bóòtù kí ṣáásì má baà rún wọlé nígbà tí a bá ń di bóòtù. Ẹ̀kẹta ni irin ìdè, ọ̀pá líle kan tó ti ọ̀dọ̀ àpótí sítíárìn kọjá lọ sára irin ṣáásì kejì lódìkejì ọkọ̀. Iṣẹ́ gbogbo wọn kò ju ọ̀kan lọ: ẹrù tí ọwọ́ kan ń dá gbé, kó di ti ọwọ́ méjì. Irin ìdè yìí ni àwọn èèyàn ń sáré rà torí pé òun ló hàn síta. Èmi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Bí owó yín kò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irin pẹlẹbẹ àti páìpù inú ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí irin ìdè tó dára jù lọ láyé kò lè di ṣáásì tó ti sán mú.

Kí ẹ tó ná owó

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà, awakọ̀ wa sì ń jókòó lápá òsì. Mo sọ èyí torí pé Ọsirélíà ni ọ̀pọ̀ ohun èlò Hilux àti Land Cruiser tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, apá ọ̀tún sì ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí. Irin ìdè tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tiwọn kò ní bá tiyín mu rárá, bó ti wù kí orúkọ ọkọ̀ bára mu tó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, ẹ wo àwòrán rẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá lọ wá a ní Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Èkó.

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Iléṣà náà lè ṣe é. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó milimítà 5 tàbí 6 ti tó. Èyí tó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ á ṣòroó jó mọ́ ṣáásì tó fẹ́lẹ́. Fún irin ìdè, ẹ má gba páìpù omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò lágbára tó, èéfín funfun tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jó o sì ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Bóòtù tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ wo àmì agbára tó wà lórí rẹ̀: 10.9 ni kí wọ́n kọ sí i, tàbí 8.8 ó kéré tán. Èyí tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lórí, ẹ dá a padà.

Wíwá ìsán

Ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí gbà. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí táyà rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ páwà sítíárìn. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á máa yí ọwọ́ sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ẹnì kejì á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iwájú, á máa wò. Ẹ ó gbọ́ tí ọmọṣẹ́ á ké pé, "Ọ̀gá, ẹ rọra, ó ń mì!" Kí ni ó ń mì? Bó bá jẹ́ táì-rọ́ọ̀dù, irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí, ó ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ sítíárìn ló ń yí tí pitman kò sì tíì mira, inú àpótí fúnra rẹ̀ ló ti jẹ. Bí àpótí bá wá ń mì lórí ṣáásì, á jẹ́ pé bóòtù ti tú tàbí pé ṣáásì ti sán.

Ìsán kì í sábà hàn lábẹ́ ẹrẹ̀ pupa àti ọ̀dà àtijọ́. Ẹ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin á fi dán, kó sì gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kẹrosíìnì pa gbogbo àyíká ihò bóòtù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá lọ ẹfun kúnná, kí ẹ bù ú lé ibẹ̀. Bí ìsán bá wà, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á rọra yọ padà, á sì fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ẹfun. Kí ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ inú ṣáásì náà, kì í ṣe ìta nìkan. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó rọrùn, tó sì fi òótọ́ hàn tó báyìí, ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Ìtúpalẹ̀ àti jíjó

Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì fi sítáǹdì irin gbé e dúró lábẹ́ ṣáásì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò ṣe é gbé ọkọ̀ lé; lójijì ló máa ń fọ́, èèyàn á sì wà lábẹ́. Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, torí iná ìjórin lè ba alítánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, jẹ́. Kí ẹ tó yọ pitman, ẹ fi ṣísù sàmì sórí òun àti ọ̀pá tó jókòó lé kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ ìfàyọ ni kí ẹ fi yọ ọ́. Òòlù tí ẹ bá ń nà mọ́ ọn, inú àpótí sítíárìn ni agbára rẹ̀ ń lọ, ó sì lè ba bíárìn inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu páìpù ọ́ìlì kí iyanrìn má wọ̀ ọ́.

Ìsán tí ẹ bá rí, ẹ má kàn jó lé e lórí. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré, bíi milimítà 3, sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kó má lè sá lọ síwájú mọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ fáìlìn la ojú ìsán náà kó rí bí lẹ́tà V, kí iná lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá jó o tán, ẹ fá a kó tẹ́jú pẹ̀lú ṣáásì.

Irin pẹlẹbẹ ló kàn. Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣáásì, ẹ sàmì sí gbogbo ihò àti gbogbo páìpù búréèkì tó kọjá níbẹ̀, ẹ tún un gé títí á fi jókòó bó ṣe yẹ, kí ẹ tó gbé e lé irin. Ẹ jẹ́ kó gùn kọjá àpótí síwájú àti sẹ́yìn. Ẹ má ṣe gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdúró ṣánṣán. Ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, torí ojú ìjó tó bá dá ṣáásì kọjá ní ìlà kan ṣoṣo yóò di ibi tuntun tí ṣáásì á ti máa sán. Ẹ lu ihò bí milimítà 12 sí àárín irin náà ní ibi mélòó kan, kí ẹ jó inú wọn di, kó lè dì mọ́ ṣáásì láàárín pẹ̀lú.

Iná ìjórin fúnra rẹ̀ yẹ kí ẹ bójú tó. Bí iná ilé bá lọ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń ṣe hùn-ún-hùn-ún, irin yíyọ́ á kàn jókòó sókè bí ẹnì kan ṣe da nǹkan lé e ni, kò ní wọlé. Ẹ lo jẹnẹrétọ̀ tó tó iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ dúró de iná tó dára. Elékítíróòdù (ọ̀pá ìjórin) 7018 tó gbẹ dáadáa ló wù mí jù fún ṣáásì. Ẹ jó díẹ̀ lápá kan, ẹ lọ sápá kejì, kí irin má baà tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń jó gan-an ni kí ẹ gbé kílípù wáyà ìdápadà iná (earth) sí, kí iná má baà gba inú bíárìn kọjá. Kí ẹ sì bo páìpù búréèkì àti ti epo.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó láéláé: pitman, apá táyà, àti irin gígùn tó so wọ́n pọ̀. Irin tí wọ́n rọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iná á sọ wọ́n di ohun tó lè kán lójijì. Èyí tó bá tẹ̀ nínú wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Fún páìpù inú ihò, ẹ wá èyí tí bóòtù á wọ̀ láìmì. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá fífẹ̀ irin ṣáásì níbi ihò náà mu régí. Ẹ jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ fá a tẹ́jú. Ẹ fi ọ̀dà ìdènà ìpẹtà kun gbogbo rẹ̀.

Dídi bóòtù àti ìdánwò

Ẹ dá àpótí padà, ẹ fọwọ́ di gbogbo bóòtù ná. Ẹ wá fi sípánà tó ń ka ìwọ̀n dì wọ́n. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní àṣẹ. Bí kò bá sí, bóòtù M12 (tó fẹ̀ ní milimítà 12) tó jẹ́ 8.8 máa ń gba nǹkan bí 80 Nm, 10.9 á gba bí 115. Pitman tẹ̀ lé e, lójú àmì tí ẹ ṣe.

Irin ìdè ló kẹ́yìn. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí sítáǹdì, kí táyà dojú kọ iwájú, kí ẹ tó dì í. Ọwọ́ lásán ló yẹ kó fi bọ́ sí ààyè rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ fi irin gbọọrọ tì í kí ihò tó bára mu, ó ti ń fa àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọkọ̀ tó gbéra nìyẹn. Ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní bíárìn tó di ìdí ọ̀pá pitman mú, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra, torí bí kò bá wà láàárín gan-an, síìlì á máa jò ọ́ìlì.

Ẹ yí sítíárìn dópin lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́yìn náà ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan sókè kí ìkejì wà nílẹ̀, ẹ tún un yí. Irin ìdè kò gbọdọ̀ kan ásùlù, irin gígùn, fáànù tàbí páìpù ọ́ìlì. Ẹ rántí pé ẹrù àti kòtò á tẹ sípíríǹgì ju bó ṣe wà yìí lọ.

Ẹ rọ ọ́ìlì, ẹ yí sítíárìn lọ bọ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Ẹ gbé e lọ sí aláímẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń tò táyà kó dúró ṣánṣán, kí ẹ kọ́kọ́ wà á jẹ́jẹ́ ládùúgbò. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, àti lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó bá lọ oko, ẹ padà wò ó. Bí ìlà náà bá ti já sọ́tọ̀, bóòtù ti yí. Ẹ yọ ọ́, ẹ wo ihò rẹ̀, ẹ fi òmíràn tuntun dì í.