Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi wá òwìwí kan nínú igbó

Ilé tí wọ́n fi mí sí nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ kan létí igbó kò ju yàrá kan lọ, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àwọn igi ńláńlá. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí nǹkan kan fi ké lókè igi: hú-hu… hú-hu-hu, hu-hu. Ohùn náà nípọn, ó ń lọ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bí ẹni ń lu ìlù. Kò tíì parí tí ohùn mìíràn tó tín-ín-rín, tó sì ga, fi gbà á lẹ́nu rẹ̀: wúùù. Mo ní ẹyẹ kan ṣoṣo ni, pé ó kàn lóhùn méjì ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀: irú ẹyẹ wo ni, ibo ló ń sùn lọ́sàn-án, kí ló sì ń jẹ. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta á tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí.

Orúkọ ẹyẹ náà ni mo kọ́kọ́ wá. Mo gbé fóònù mi sórí fèrèsé, mo gba ohùn òru sílẹ̀ fún bí wákàtí méjì lójoojúmọ́, mo wá ń fi í wé àwọn ohùn tó wà lórí xeno-canto, ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ti ń kó ohùn ẹyẹ jọ láti ọdún 2005. Kí n tó mọ̀, mo ti rí i pé ìdajì nínú ohun tí mo ń pè ní òwìwí kì í ṣe ẹyẹ rárá. Igbe burúkú kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, tó ń gùnkè díẹ̀díẹ̀ títí ara èèyàn á fi bù máṣọ, òfàfà ni. Ẹranko onírun tí kò ju ehoro lọ ni òfàfà, orí igi ló ń gbé, ṣùgbọ́n bó bá ké, wàá rò pé wọ́n ń fún ẹnì kan lọ́rùn. Èyí tó ń dún pín, pín, pín láìsinmi bí ẹni ń ta irin, akọ àdán tó ń pe abo ni. Mo yọ àwọn yẹn kúrò. Ohun tó kù wá bá òwìwí kan mu rẹ́gí: èyí tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Strix woodfordii, tó wà nínú igbó Áfíríkà láti Senegal títí dé Ethiopia, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé Gúúsù Áfíríkà. Ọdún 1834 ni Andrew Smith, onímọ̀ nípa ẹranko ará Scotland kan, kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 36 lọ. Kò ní ìyẹ́ tó nà sókè lórí bí etí ológbò, bí àwọn òwìwí kan ti máa ń ní.

Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ẹyẹ méjì ni mo ń gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Akọ ló ń lé orin, abo ló ń gbè é. Tọkọtaya kan máa ń di ilẹ̀ wọn mú, orin yẹn ni wọ́n sì fi ń sọ fún àwọn yòókù pé ibẹ̀ ti ní onílẹ̀. Bí etí rẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kò tún lè tàn ọ́ mọ́.

Wàyí o, wíwá a kiri. Odindi alẹ́ márùn-ún ni mo fi sá tẹ̀lé ohùn. Mo wọ bàtà òjò, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo já wọ inú ìtàkùn. Bí mo bá ti dé ìdí igi tí mo rò pé ó ti ń ké, ohùn á ti bọ́ sí ẹ̀yìn mi. Ẹ̀fọn jẹ mí bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó. Lálẹ́ karùn-ún, bàbá aṣọ́gbó tó ń tẹ̀lé mi (mi ò dá wọ igbó lóru rí o, nítorí ejò àti nítorí pé ọ̀nà ń yípo) dúró, wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí, ó ti rẹ̀ mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú. Ó kù díẹ̀.”

“Kí ló kù díẹ̀? Ìró ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló wà nínú igbó yìí. Jókòó ná.”

A jókòó sórí gbòǹgbò igi. Láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú, igbó gbàgbé wa. Ìrẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ etí odò gbà á, ìgbà tó yá ni akọ òwìwí ké, kò jìnnà sí wa rárá. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Láti alẹ́ yẹn ni mo ti yí ọ̀nà padà. Mo yan ojúkò méjì, ìgbésẹ̀ bí igba ló wà láàárín wọn. Alẹ́ kan n óò jókòó síbí, alẹ́ kejì n óò lọ sọ́hùn-ún. Bí ẹyẹ bá ké, n óò kọ aago sílẹ̀, n óò kọ ẹni tó kọ́kọ́ ké nínú akọ àti abo, n óò sì fi kọ́ńpáàsì orí fóònù wo ìhà tí ohùn ti wá. Tọ́ọ̀ṣì mi, mo fi aṣọ pupa dí i lójú kí ìmọ́lẹ̀ má baà gún ẹyẹ lójú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo fa àwọn ìlà náà sórí bébà. Púpọ̀ nínú wọn pàdé níbì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré tó gba àárín igbó kọjá. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú àti kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń ké jù. Láàárín òru, wọ́n dákẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, iṣẹ́ oúnjẹ ni wọ́n ń bá kiri.

Kí n sọ òótọ́ kan tí mi ò fẹ́ sọ. Nígbà tí sùúrù mi tán lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tan ohùn òwìwí láti orí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí akọ fi fò dé orí ẹ̀ka iwájú wa, mo sì rí i kedere fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi wo ojú rẹ̀. Ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń wá ọ̀tá tí kò sí, ó ń ké, ó tún ń ké. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan ti wá gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa fóònù náà, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí a fi lọ, ìyẹn ni pé kò ṣọdẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Ká ní abo wà lórí ẹyin ni, òun náà ìbá fi ẹyin sílẹ̀. Mi ò tún ṣe é mọ́.

Ibi tó ń sùn lọ́sàn-án, àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀ fún mi. Mo ti wá ìgbẹ́ ẹyẹ tó funfun bí ẹfun lórí ewé ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba abẹ́ igi náà kọjá láìgbójú sókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ariwo sọ níbẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké bíi mẹ́wàá ló rọ̀gbà yí ibi tí ìtàkùn ti lọ́ mọ́ra ká, wọ́n ń bú nǹkan kan lábẹ́ ewé. Ọ̀tá tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru ni wọ́n rí lójú mọmọ. Mo gbé awò sójú. Fún ìgbà díẹ̀, èèpo igi nìkan ni mo ń wò. Ìgbà tó yá ni èèpo igi náà ṣẹ́jú.

Àyà rẹ̀ ní ilà-ilà búráwùn àti funfun, tóóró lórí tóóró. Ilà funfun méjì wà lókè ojú rẹ̀ bí ìpéǹpéjú àgbà. Ojú fúnra rẹ̀ dúdú, ó mọ́, kò pupa kò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti òwìwí inú àwòrán. Ó pa á dé, ó ku fín-ín-fín. Mo rìn yí igi náà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti rí ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ náà ni mo ṣáà ń rí. Ara rẹ̀ kò yí, orí ló ń yí tẹ̀lé mi. Ojú òwìwí kì í yí nínú ihò rẹ̀ bíi tiwa, ó rí bí ọ̀pá tó dúró gbọn-in, nítorí náà ọrùn ló ní láti ṣe gbogbo iṣẹ́. Egungun ọrùn tiwa jẹ́ 7, ti òwìwí jẹ́ 14, orí rẹ̀ sì lè yí dé ìwọ̀n 270 nínú 360. Nígbà tí mo fẹ́ kọjá ibi tí ọrùn rẹ̀ mọ, ó já orí gba òdìkejì, fìrì, ojú wa tún ṣe mẹ́rin.

Abẹ́ igi yẹn ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta. Òwìwí kì í ya ẹran jẹ bí ẹran náà bá kéré, ṣe ló máa ń gbé e mì. Ohun tí ikùn rẹ̀ kò bá lè dà, iwe rẹ̀ á kó o jọ, á fún un di ìṣù, òwìwí á sì bì í jáde. Omi ikùn rẹ̀ kò le tó ti àṣá, ìdí nìyí tí egungun fi ń jáde bó ṣe wà. Ìṣù èébì yìí kò rùn tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí létí. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ó tètè ń tú nínú igbó olómi, èèrà sì ń jà á lólè. Mo máa ń débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, síbẹ̀ mẹ́wàá péré ni mo rí, mẹ́ta nínú wọn ti fọ́. Inú àpò bébà ni mo ń kó wọn sí, mo sì ń kọ ọjọ́ sí i lára. Èyí àkọ́kọ́ tí mo dì sínú lọ́rà bu kí n tó délé.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rẹ ìṣù kan sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ààbọ̀ wákàtí, mo dà á sórí àwo funfun, mo fi ẹ̀mú kékeré àti abẹ́rẹ́ tú u. Mo ń retí eku. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni ìdajì èèpo ẹ̀yìn yímíyímí kan, dúdú tó ń dán bíi dígí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Itan tata tẹ̀ lé e, ẹ̀gún tó wà létí rẹ̀ ṣì tò rẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnu kòkòrò tó dà bí ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ mi gan-an. Mo tú mẹ́fà bẹ́ẹ̀, kòkòrò, kòkòrò, kòkòrò. Nínú ìkeje nìkan ni irun eku wà, àti egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kan tí kò gùn ju èékánná mi lọ, eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́ fún òwìwí yìí: kòkòrò ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ó sì tún ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, eku, ẹyẹ kéékèèké, àti ejò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí àfòpiná tó ń fò yí gílóòbù ẹnu ọ̀nà mi ká, mo máa ń wo òkè igi.

Ìyẹ́ kan tí mo rí nílẹ̀ níbẹ̀ tún dá mi dúró fún odindi ìrọ̀lẹ́. Ìyẹ́ apá ni. Etí rẹ̀ tó ń kọjú sí afẹ́fẹ́ ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà, etí kejì rọ̀ bí òwú tó tú, ojú rẹ̀ sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Mo fì í lẹ́bàá etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ìyẹ́ ẹyẹlé ṣe bákan náà, ó dún fìì. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí tata gbọ́ pé ikú ń bọ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ìró ìyẹ́ tirẹ̀ bo ìró tí òwìwí ń tẹ́tí sí mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, abo kò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti ibì kan ṣoṣo, ó sì rì bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ihò kan wà lára igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ṣẹ́ tipẹ́, níbi tí akọ ń gbé nǹkan lọ lẹ́nu láṣàálẹ́. Mi ò gun igi, mi ò tan iná sínú ihò. Ẹyin kan sí mẹ́ta ni wọ́n ń yé, méjì ló wọ́pọ̀, abo nìkan ló ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 31, akọ ló ń bọ́ ọ. Mo mú bàbá aṣọ́gbó lọ síbẹ̀ bí ẹni tó rí wúrà.

Wọ́n wo ihò náà, wọ́n wò mí. “Ihò wọn ọdún tó kọjá náà nìyẹn.”

“Bàbá! Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?”

“O bi mí ni? O ní ohùn lo ń wá.”

Iṣẹ́ mi parí kí ẹyin tó pa. Kí n tó lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé bí àwọn ọmọ bá jáde, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn lọ, nítorí pé nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n ti ń kúrò nínú ihò, nígbà tí wọn ò tíì mọ fífò dáadáa, ẹni tó bá rí wọn á sì rò pé wọ́n ti sọnù ni. Àwọn òbí ṣì ń bọ́ wọn fún oṣù bíi mẹ́rin.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà kí ìpè bàbá tó wọlé. “Àwọn ọmọ rẹ ti jáde o. Méjì ni. Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ gbé e ni?”

“Mo gbé e sórí ẹ̀ka, mo kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ fi èékánná gba fìlà lórí mi.”