Tí email ò bá wọlé mọ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí kọ̀ǹpútà yín ti pẹ́ nílé, tí email bá kọ̀ tí ò wọlé, ẹ má tíì pààrọ̀ password o, ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ti màmá mi ní Ìjàpọ̀, gbogbo ìgbà tí NEPA bá ti mú iná lọ ni aago ẹ̀ ń padà sí 2009, sáìtì ò sì ní gbà á, torí ìwé ẹ̀rí ààbò tí sáìtì ń lò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bátìrì kékeré inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kí aago máa ṣiṣẹ́ tí iná bá lọ ló ti kú, CR2032 ni orúkọ ẹ̀, ó pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnsì. A pa kọ̀ǹpútà, a yọ wáyà iná, mo fi èékánná tẹ irin tó dì í mú, ó ta jáde, a fi tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ + sí wà lókè, a tún aago ṣe, email wọlé.

Tó bá jẹ́ Outlook àtijọ́ (ètò Microsoft tí wọ́n fi ń ka email) lẹ fi ń gba Gmail, password yín gangan ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ tan 2-Step Verification nínú àkáǹtì Google yín, ìyẹn ni pé Google á máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password, kẹ́ ẹ wá gba App Password, ìyẹn password tí Google máa fún yín láti fi sínú Outlook dípò tiyín, lẹ́tà 16 ni.

Windows 7 ńkọ́? Microsoft ò ṣe àtúnṣe ààbò fún un mọ́ látọdún 2020, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe nǹkan báǹkì rárá. Ẹ kó fáìlì yín sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ fi Linux Mint, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀fẹ́ ni.