Un-, in-, dis-, non-: bí a ṣe ń lo àfòmọ́ ìyísódì nínú ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì

Yorùbá ní “àì-”, àfòmọ́ ìyísódì tí a ń fi síwájú ọ̀rọ̀ láti sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀: àìsàn, àìmọ̀, àìgbọràn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, un-, in-, dis- àti non- ló jọ ń du iṣẹ́ yìí, èyí tí ẹ bá sì mú nínú wọn lè sọ ìyìn di èébú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí èèyàn kàn mú èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àfòmọ́ náà kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Nínú “unhappy”, “happy” ló kù, ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ẹ wá yọ “im” kúrò lára “important”, ohun tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Kò sí ìyísódì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “unique” rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé in-. Níwájú p, b àti m, ó máa ń di im-: “impossible”, “immature”. Níwájú l, ó di il-, bíi “illegal”. Níwájú r, ó di ir-, bíi “irregular”. Èyí ò ṣàjèjì sí wa. “Ń bọ̀” la máa ń kọ, àmọ́ “ḿ bọ̀” ni ẹnu wa ń pè, torí pé ètè ti ń múra sílẹ̀ de b. Látinú èdè Látìnì ni in- ti wá. Un- ní tirẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an, kì í sì í para dà nínú àkọsílẹ̀: “unpopular”, “unlawful”, “unreal”. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ed sábà máa ń gba un- (“unfinished”, “unmarried”), èyí tó bá sì parí sí -ible sábà máa ń gba in- (“invisible”, “incredible”).

Tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ àfòmọ́ pé, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pé. N méjì ló wà níbẹ̀rẹ̀ “unnecessary”, s méjì ló wà nínú “dissatisfied”, ṣùgbọ́n s kan ṣoṣo ni “disobedient” ní.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ ni ìtumọ̀. Non- kàn ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ni, un- sì sábà máa ń dáni lẹ́jọ́. Ẹni tí iṣẹ́ kan kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ “non-professional”, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá pè é ní “unprofessional” nínú lẹ́tà, ẹ ti bú u pé kò mọ ìwà tó yẹ iṣẹ́ hù. Adájọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ “disinterested”, ìyẹn ni pé kò ní èrè kankan nínú ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ “uninterested”, ẹjọ́ náà ò wù ú gbọ́ ni. Ìyìn ńlá ni “invaluable”, torí ohun tó níye lórí kọjá ìdíyelé ni. Òkìkí burúkú ni ti “infamous”, kì í ṣe àìlókìkí.

“Inflammable” ló léwu jù. In- tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìyísódì: ohun tó tètè ń gbiná ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi “flammable”. Tí ẹ bá rí i lára agolo, ẹ gbé e jìnnà sí iná. “Non-flammable” ni èyí tí kì í gbiná.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe di ọ̀rọ̀ orúkọ, torí àfòmọ́ lè yí padà: “unable” di “inability”, “unequal” di “inequality”, “unjust” di “injustice”.

Ó ku ìyísódì méjì nínú gbólóhùn kan. Tí Yorùbá bá ní ẹnì kan “kò ṣàì mọ̀ ọ́n”, ó mọ̀ ọ́n dájú. “Not uncommon” kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé nǹkan náà kò ṣọ̀wọ́n. Tó bá wọ́pọ̀ gan-an lójú yín, “very common” ni kí ẹ kọ.