Tẹ́ẹ̀sì Oyún àti Ìtọ́jú Ọmọ Tuntun: Ẹ Béèrè Kẹ́ ẹ Tó Kúrò Níbẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìjerò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, tóbìnrin bá ti fura pé òun lóyún kó tètè lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, kó má dúró dìgbà tíkùn bá yọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé kí lẹ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá rí i ńkọ́, kí la máa ṣe? Kì í ṣe àrífín o, ara tiyín ni.

Torí pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an lèsì yẹn máa ń wúlò jù. Tí irú ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ Rhesus negative (bí O-, A-) tọ́mọ wá jẹ́ positive (bí O+, A+), wọ́n gbọ́dọ̀ gún ìyá lábẹ́rẹ́ anti-D láàárín wákàtí 72, kó má baà ṣàkóbá fún oyún tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì wọ́n, ẹ ti máa tu owó ẹ̀ jọ. Tí hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ nì, bá wà lára ìyá, kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀ kó tó pé wákàtí 24, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Tí bàbá àti ìyá bá jọ jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló lè já sí SS, ìdá kan nínú mẹ́rin, síkáànì lásán ò sì lè fi hàn.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni káńfọ̀. Àwọn yèyé wa á kó aṣọ ọmọ àkọ́kọ́ sínú àpótí, wọ́n á da káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́, wọ́n á wá gbé e wọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tẹ́jẹ̀ wọn ò gba káńfọ̀ rárá, àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, làwọn dókítà ń pè é, ó sì pọ̀ láàárín wa, ara àwọn ọkùnrin ló ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú á pọ́n, ibà pọ́njú yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ wáṣọ míì.

Ẹ gbé ọmọ sítòsí fèrèsé lójúmọmọ, ẹ rọra fìka tẹ imú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò tójú ibẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tàbí tí funfun ẹyinjú pọ́n bẹ́ẹ̀, ọsibítù yá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ló pọ́n, ẹ má tiẹ̀ dúró jẹun. Oòrùn àárọ̀ ò wò ó, omi glúkóòsì ò wò ó, iná búlúù ọsibítù ló ń wò ó.

Bàbá tó bá ti oko fífín kòkó dé, kó wẹ̀ kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gbọ́mọ. Káàdì ìyá àti owó ọ̀kadà, ibì kan náà ni kẹ́ ẹ kó o sí.