Bí A Ṣe Ń Fi Búrọ́ọ̀ṣì Gbá Ara Gbígbẹ Kí A Tó Wẹ̀

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fi kànrìnkàn wẹ̀ fún ní kékeré mọ ohun tí à ń pè ní fífọ ara: ìyá yóò pa ọṣẹ dúdú sí kànrìnkàn, yóò di apá ọmọ mú, yóò sì máa ha á títí ọrùn yóò fi mọ́ tàbí títí ọmọ yóò fi bú sẹ́kún. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kan náà ni à ń tọ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ni a óò lò. Ara gbọ́dọ̀ gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí ìpara. A óò wá máa gbá awọ ara fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbá eruku kúrò lórí ẹní, kí a tó lọ wẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí gbígbá yìí lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, nítorí pé àwọn tó ń ta búrọ́ọ̀ṣì máa ń ṣèlérí ju bó ṣe yẹ lọ. Awọ ara wa ń hù láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè. Lára ọ̀dọ́, ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kí èyí tó wà nísàlẹ̀ tó dé òkè, kí ó sì já bọ́, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà. Àwọn èyí tó ti kú tí kò tíì já bọ́ wà lára ohun tó ń mú kí ojúgun àti ìgbọ̀nwọ́ funfun nígbà ọyẹ́ bí ẹni pé a bu eérú sí wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ń gbá wọn kúrò, awọ á sì dán, òrí tí a bá fi pa á á sì tàn kálẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń sáré wá sí abẹ́ awọ, ara á móoru, ojú á sì là, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìyẹn fi ń lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kò sí májèlé kankan tí búrọ́ọ̀ṣì ń fà jáde. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ni iṣẹ́ yẹn. Kì í sì í yọ ọ̀rá itan: bí itan bá dà bíi pé ó jọ̀lọ̀ lẹ́yìn gbígbá, awọ ló wú díẹ̀, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ nípa líńfù, ìyẹn omi tó ń ṣàn nínú àwọn òpó tín-ín-rín lábẹ́ awọ. Òótọ́ ni pé kò ní ọkàn tó ń tì í bí ti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara tó ń sún kì tó sì ń nà bí a ṣe ń rìn wà lára ohun tó ń tì í, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Yába dé Ojúẹlẹ́gba ti ṣe é lóore kó tó délé.

Bí a bá fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì, èyí tí irun rẹ̀ jẹ́ ti ewéko tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ni kí a wá. Ti ewéko tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ tampico, láti ara ewéko kan tó ń hù ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ó le díẹ̀, ti ẹlẹ́dẹ̀ sì máa ń rọ̀ jù ú lọ. Ọwọ́ gígùn dára fún ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wá a lọ sí ọjà Balógun kí ó ṣọ́ra, nítorí pé bí ó bá kàn béèrè búrọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ni wọ́n lè kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìyẹn yóò sì bó o lára. Kí ó fi irun rẹ̀ gbá inú apá ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọlọ́jà. Bí ó bá fa ìlà sílẹ̀ tàbí bí ó bá ta á, kí ó dá a padà. Àwọn kan á ní kí ló dé tí àwọn ò kúkú lo kànrìnkàn tó wà nílé. Kànrìnkàn gbígbẹ ti le jù. Omi àti ọṣẹ ló ń mú un rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ìlú tí ooru pọ̀ bí Èkó, ìdájí ló dára jù, kí òógùn tó bò wá, kí iná tó lọ kí fáànù sì dúró. Awọ tó bá tutù pẹ̀lú òógùn kì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì yọ̀; ńṣe ni yóò máa fà á. Kí a dúró nínú balùwẹ̀, torí ohun funfun bí ìyẹ̀fun yóò máa dà sílẹ̀.

Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A óò gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, a óò bọ́ sí orí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà a óò máa gbá láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sí orúnkún pẹ̀lú ìfà gígùn, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìfà kan sì gun orí èkejì díẹ̀ kí ibì kankan má baà ṣẹ́kù. Òkè ni à ń gbá sí, síhà ọkàn. A kì í lọ kí a tún bọ̀ bí ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà. Láti orúnkún, a óò gba itan lọ sókè, a óò sì dẹ ọwọ́ ní inú itan, nítorí pé awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìdí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e. Lórí ikùn, a óò máa yí i po bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni apá: láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká. Ẹ̀yìn ni a óò fi parí, láti òkè rẹ̀ wá sísàlẹ̀. A kì í fi búrọ́ọ̀ṣì yìí kan ojú, orí ọmú, abíyá tàbí ojú ara.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífúyẹ́ yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, torí òun ni mo fi ṣàṣìṣe. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ara tí kò bá ta kò tíì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe fi agbára ha egungun ọrùn àti ìgbọ̀nwọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí mo sì ń retí kí ó dán. Dúdú ló dú sí i. Awọ dúdú tí a bá ń fi nǹkan ha ní gbogbo ìgbà, pàápàá níbi tí egungun ti sún mọ́ òkè, máa ń dáàbò bo ara rẹ̀ nípa mímú àwọ̀ rẹ̀ kún. Awọ Áfíríkà nìkan kọ́ o: àwọn dókítà awọ ara ní Jàpáàn ti ṣàkọsílẹ̀ irú rẹ̀ lára àwọn tó ń fi aṣọ ìnura náílọ́ọ̀nù ha ara. Ó gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí àwọ̀ náà tó padà. Ara tó móoru díẹ̀ ti tó. Bí ó bá ti pọ́n, tí ó ń ta, ọwọ́ ti wúwo jù.

Ẹni tí làpálàpá, kúrúnà, ẹkísímà, eéwo tàbí egbò bá wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbá ibẹ̀, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì lè gbé àrùn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti wú, àpá tó ga, àti ibi tí a fá irun rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì sẹ́yìn. Àwọn tó ń lo ìpara ìbóra kí wọ́n jìnnà sí i pátápátá: èròjà sìtẹ́rọ́ọ̀dù tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ti sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora dáadáa mọ́, kí ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò ní mọ̀ ìgbà tó bá bó.

Lẹ́yìn gbígbá, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí a fi wẹ̀, kì í ṣe gbígbóná. Kí kànrìnkàn sinmi lọ́jọ́ náà. Àtẹ́lẹwọ́ àti ọṣẹ ti tó. Kí a fi aṣọ ìnura tẹ ara, kí a má fi nù ún gírígírí, kí a sì fi òrí tàbí àdí àgbọn pa á nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀. Òrí máa ń le nígbà ọyẹ́. Kí a rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí yóò fi yọ́. Ìpara olóòórùn lè ta ara tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Kò sí ẹni tó yẹ kí ó bá wa pín búrọ́ọ̀ṣì yìí, ìyàwó tàbí ọkọ ìbáà jẹ́. Lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan, kí a gbọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a fi ọṣẹ fọ irun rẹ̀ láìrì í bọ omi, kí a sì kọjú irun náà sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí omi má baà wọ inú igi rẹ̀. Balùwẹ̀ Èkó kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ a sì máa bu dúdú, nítorí náà ẹnu fèrèsé yàrá ni kí a fi kọ́. Ní ọjọ́ tí irun rẹ̀ bá tẹ̀ tàbí tí ó bá ń rùn, kí a jù ú nù, kí a ra òmíràn.