Chitosan tí kò yòrò: bí mo ṣe padà fi èèpo akàn ṣe fíìmù tí a fi ń bo egbò

Ìyẹ̀fun tí wọ́n tà fún mi ní Èkó kì í ṣe chitosan, ohun tí wọ́n máa ń ṣe láti ara èèpo akàn àti edé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Chitosan ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ọ̀rá rẹ̀, owó tí mo san sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ fún iṣẹ́ náà tán. Nígbà tí a dà á sínú omi kíkan (ásíìdì inú vinegar tí a fi omi là) ní láàbù, níbi tó yẹ kí ojúlówó ti yòrò, ńṣe ló rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tó jókòó síbẹ̀.

Fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a lè fi bo egbò ni mo fẹ́ ṣe, kí ewé tó ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ewé akíntọlá ni mo mú. Ta ló dàgbà sí oko ní Ìjẹ̀bú tí àdá gé lọ́wọ́ rí, tí wọn ò fún oje rẹ̀ sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá? Mo fi efinrin kún un. Chitosan ni yóò gbé ewé méjèèjì ró, nítorí òun náà ń bá kòkòrò jà: tó bá ti yòrò nínú omi kíkan, ara rẹ̀ á gba iná rere (positive charge), iná òdì (negative charge) ló wà lára bakitéríà, wọ́n á fa ara wọn mọ́ra, awọ bakitéríà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Àwọn àgbà ilé wa ní kí n fi ewé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí egbò kó lè gbẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n láti 1962 ni oníwàdìí kan, George Winter, ti fi hàn lára ẹlẹ́dẹ̀ pé egbò tí a bò kó má bàa gbẹ, awọ tuntun máa ń tètè bò ó ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Ohun tí a fi bò ó ṣe pàtàkì tó ewé fúnra rẹ̀.

Ìyẹ̀fun yẹn ló wá dá wa dúró. Wọ́n ní omi ló tutù, a gbé e sórí iná. Wọ́n ní omi kíkan ni kò tó, a fi kún un. A gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, iná lọ láàárín òru, a ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kò yòrò. Mo pe ẹni tó tà á.

"Àǹtí, ọjà wa dáa o. Ẹ̀yin lẹ ò mọ bẹ́ẹ ṣe ń lò ó."

Nígbà tí mo tún pè, kò gbé e mọ́.

Ọ̀gá wa ní láàbù ló fi ìka pa ìyẹ̀fun náà wò, tó wo ìsàlẹ̀ ife, tó ní, "Chitin ni wọ́n tà fún ọ." Chitin ni ohun tó wà nínú èèpo akàn àti edé kí a tó fi sódà líle (caustic soda) sè é. Sódà yẹn ló ń bọ́ acetyl, ẹ̀ka kéékèèké tó so mọ́ ọn, kúrò lára rẹ̀, tó fi ń di chitosan. Bí èyí tó bọ́ kò bá tó ìdajì, omi kíkan kò lè rí i ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ mú vinegar funfun dání lọ, ẹ bù díẹ̀ sí i níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa rò ó. Bí kò bá ki, ẹ má sanwó. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi.

Mo wá gba Ẹ̀pẹ́ lọ, síbi tí àwọn ìyá ti ń bó akàn àti edé. "Ọmọ mi, èèpo lo fẹ́, àbí akàn?" "Èèpo ni mà." Ìyá náà bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo dárúkọ egbò, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó tiwọn wá, kò sì gba kọ́bọ̀.

A fọ èèpo náà, a sá a, a lọ̀ ọ́. Ásíìdì ló kọ́kọ́ gba ẹfun ara rẹ̀ jáde, ó sì hó gan-an, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ la ń dà á. Sódà tí kò le kó ẹran ara tó kù kúrò. Lẹ́yìn náà ni sódà 50%, nínú ooru tó tó 100°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà láéláé. Omi tí a fi ṣan án kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bu 2g rẹ̀ sínú 100ml omi kíkan 1%, ó ki, ó ń fà bí ewédú. Mo pariwo débi pé àwọn ará láàbù kejì sáré wá.

Bí a ṣe rẹ ewé sínú ethanol, tí a sẹ́ ẹ, tí a pò ó mọ́ chitosan tó ti yòrò, tí a fi glycerine sí i kí fíìmù má bàa máa kán, ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ gbogbo ìyẹn. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti sá efinrin, nítorí oòrùn á gbé òróró rẹ̀ lọ, òróró yẹn lẹ sì ń wá. Bí fíìmù bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú sódà tó rọ̀ gan-an kí omi kíkan ara rẹ̀ lè kú, kí ẹ sì fi omi ṣan án. Omi kíkan nìkan lè pa bakitéríà, kí ẹ máa rò pé ewé ló ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fíìmù tí kò léwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó léwé nínú àwo kan náà.

Nígbà tí a ṣí àwo tí a gbin bakitéríà Staphylococcus aureus sí lẹ́yìn òru kan nínú 37°C, fíìmù tí kò léwé, abẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ́. Èyí tó léwé ní òrùka tó mọ́ yí ká, ojú lásán rí i. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Pseudomonas, bakitéríà mìíràn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, ó sì wọ́pọ̀ nínú egbò tó ti pẹ́, nítorí náà iṣẹ́ kù.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù báyìí ni bí a ó ṣe pa kòkòrò tó lè wà lára fíìmù fúnra rẹ̀. Ooru gbígbóná máa ń sọ chitosan di pupa rúsúrúsú, ìtànṣán UV tí a lò kò kọjá ojú rẹ̀. Ìyẹn tó fún àwo láàbù, kò tó fún ara èèyàn. Àwọn ará àdúgbò ti ń bẹ̀ mí pé kí n fún wọn lára rẹ̀ fún egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n lọ.